Èmi Ni Mo Pa Igi Kẹsàn-án

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹgbẹ́ àsàlátù wa ní Garki, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀, ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú ìwé yìí. Kí ẹni tó bá mọ̀wé kà dáadáa kà á sókè fún àwọn ìyá wa tí ojú wọn kò gbé lẹ́tà kékeré mọ́. Kì í ṣe ìbẹ̀rù nìkan ni mo fi ń kọ ọ́, ayọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀! Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ohun tó ń dùn mọ́ mi nínú fún yín, àmọ́ n kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i títí màá fi sọ ohun burúkú tí mo ṣe. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi kò tilẹ̀ lọ tó bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án péré ló lọ, òtítọ́ sì bá a ní Jahi, lọ́sàn-án gangan. Ẹ ti mọ̀ mí sí Alhaji Àbdùlsàmàd, ọmọ Ìlọrin, akọ̀wé ẹgbẹ́ yín. Ẹ̀yin náà lẹ ń pè mí ní Baba Onígi, ẹ sì fún mi ní àwo onígíláàsì lọ́dún tó kọjá, tí ẹ kọ ọ́ sí i lára pé ọwọ́ mi mọ́. Ọwọ́ mi kò mọ́. Ẹ wá gba àwo yín.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé yín, mo gbọ́dọ̀ sọ iṣẹ́ tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé igi gbígbìn ni. Ta ni kò lè gbin igi? Iṣẹ́ tiwa ni láti yan ìyá. Oko ńlá kan tí a gbin tíìkì sí, igi gẹdú tí wọ́n ń là ní pákó, wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ wa lápá Kwali. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi tí wọ́n gbìn lọ́jọ́ kan náà, àwọn kan á ga, wọ́n á gún, wọ́n á sanra. Àwọn kan á wọ́, wọ́n á pín sí méjì láti ìbàdí bíi ṣòkòtò. A ó wá àwọn tó dára jù rí, a ó fi ọ̀dà pupa yí wọn nídìí, a ó fún wọn ní nọ́ńbà, èso wọn la ó sì máa ká fún gbígbìn. Bí ẹ ti ń wádìí ìdílé kí ẹ tó lọ tọrọ ìyàwó fún ọmọ yín náà ni. Tíìkì kì í ṣe àgbàdo tí ẹ ó kórè lóṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá gbin ọmọ ìyá tí kò dára lè má mọ̀ títí di ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, nígbà yẹn ọjọ́ orí rẹ̀ ti lọ, kò sì lè tún ilẹ̀ náà gbìn mọ́. Ìdí nìyẹn tí òfin kan fi wà nínú iṣẹ́ náà: bí o bá rí igi tó dára, má tíì yọ̀. Wo aládùúgbò rẹ̀ márùn-ún, kí o wo ilẹ̀ tó dúró lé. Igi tó sanra níbi tí oúnjẹ pọ̀ sí kò tíì ṣe nǹkan bàbàrà. Èyí tó sanra níbi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń rù, òun ni ìyá. Èmi ni mo ń kọ́ gbogbo ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ní òfin yìí, èmi náà ni mo rú u.

Igi Kẹrin ni mo fi rú u. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé ọ́fíìsì wa rí á rántí rẹ̀, igi ńlá tí apá èèyàn kan kò ká. Ẹ̀yìn ọ́fíìsì gan-an ló dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń ṣe àlùwàlá. Òkúta pẹlẹbẹ mẹ́ta ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú bútà mẹ́fà, àwa òṣìṣẹ́ tó ń lò ó lójoojúmọ́ sì tó ogún. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí ewé bá wọ́ tán nínú oko tí ilẹ̀ sì ń sán, Igi Kẹrin ń mumi. Mo mọ̀! Láti ẹsẹ̀ èmi gan-an ni omi náà ti ń ṣàn lọ sí ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọ̀gá wa wá láti àárín ìlú, mo mú wọn dúró níwájú igi yìí, mo nawọ́ sí i, mo ní, "Ẹ wo ìyá gbogbo ìyá." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, èmi ni àwọn máa fi ṣe olórí ẹ̀ka irúgbìn. Lójú ẹsẹ̀ ni mo ti ń wo ara mi lórí àga náà. N kò sọ̀rọ̀ omi fún ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì bi mí, títí Bámiṣayọ̀ fi dé.

Bámiṣayọ̀ jẹ́ ọmọbìnrin ará Èkìtì tí wọ́n bí sí Garki níbí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé nígbà náà, ó sì lójú iná. Tépù tó fi ń wọn igi kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ọjọ́ kan ló sáré wọ ọ́fíìsì mi tòun ti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan! Ẹ wá báyìí-báyìí!" Ó mú mi gun orí òkè kan lẹ́yìn oko, ibi tó jẹ́ kìkì òkúta, tí àwa fúnra wa ti gbàgbé pé a gbin nǹkan sí. Igi kan dúró níbẹ̀. Kò sanra tó Igi Kẹrin, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ó gún láti ìdí dé òkè, kò sí oríkèé, kò sí ẹ̀ka títí ojú fi ń ro mí. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ márààrún kò ju igi ìdáná lọ. Bámiṣayọ̀ ń fò sókè. "Sà, òkúta ló ń jẹ o! Òkúta lásán! Bí a bá gbé ọmọ ẹ̀ lọ sí ilẹ̀ tó dáa ńkọ́? Kai!" Ẹni tó bá mọ igi yóò mọ̀ ọ́n bó bá ti rí i, mo sì mọ̀ pé ìyá ni mo ń wò yìí. Ó pè é ní Igi Kẹsàn-án. Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ ló wá rọra béèrè pé, "Sà, ẹ má bínú o. Igi Kẹrin yẹn, ṣé kì í ṣe omi àlùwàlá ló sọ ọ́ dà báyẹn?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bámiṣayọ̀, omi àlùwàlá ti di ajílẹ̀ nìyẹn?" Mo tún un sọ níwájú àwọn òṣìṣẹ́ yòókù, gbogbo wọn sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Òun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó lọ kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá. Wọ́n fèsì pé ní ọjọ́ Túsìdeè tó ń bọ̀, àwọn máa wá fojú ara àwọn wo igi méjèèjì, kí àwọn tó mú ọ̀kan.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ló dé tí n kò fi sọ pé mo ṣàṣìṣe? Gbólóhùn kan ni! Ẹnikẹ́ni kì bá tí lé mi níṣẹ́. Ìgbéraga ni, kò sí orúkọ mìíràn tí mo lè pè é. Ọmọbìnrin tí mo lè bí lọ́mọ fẹ́ fi ojú mi gbolẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rò ó nígbà náà. Mo wá Tájù lọ, ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń fi ẹ̀rọ gé igi kiri lápá ibẹ̀. Mo ní kó wá bá mi gé igi kan lọ́jọ́ Jímọ̀, kó sì kó gẹdú náà lọ. Ó ní, "Alhaji, ọjọ́ Jímọ̀ kẹ̀? Àsìkò ìrun?" Mo ní àsìkò ìrun gan-an ni.

Ọlọ́dẹ kan ló ń ṣọ́ apá òkè yẹn. Màmúdù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ti fi Kwali ṣelé, tó sì fẹ́yàwó síbẹ̀. Ọdún kọkànlá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, kò jẹ́ kí ẹ̀ka igi kan sọnù rí. Ó máa ń dá ìrun rẹ̀ kí sórí òkúta lọ́jọ́ Jímọ̀ ni, torí kò fẹ́ fi oko sílẹ̀. Lọ́jọ́ náà mo lọ bá a, mo ní, "Màmúdù, lónìí, wọ inú Kwali lọ, kí o bá àwọn èèyàn kí Jímọ̀. Èmi á bá ẹ ṣọ́ ibí." Inú rẹ̀ dùn púpọ̀! Ó sáré lọ wọ agbádá funfun rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, Ọlọ́run á san yín lẹ́san." Mo sì ṣe àmín. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mo ṣe àmín sí i. Bí alùpùpù tó gbé e ti yí kọ́nà báyìí, ni Tájù dé. Ó wo igi náà lókè-nílẹ̀, ó sì pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní, "Alhaji, ṣé èyí náà lẹ wí? Igi tó gún báyìí, wọn kì í gé e o. Ojú ni wọ́n fi ń wò ó." Mo ní kó gé e. Ó ní, "Ó dáa, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, kì í ṣe èmi." Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí igi náà fi wó lulẹ̀, ó sì mi òkè náà jìgìjìgì. Nígbà tí Màmúdù wà ní mọ́sálásí tó ń gbọ́ kútúbà lẹ́nu ìmáàmù, mo ti ń ran Tájù lọ́wọ́ láti ti gẹdú sínú ọkọ̀.

Àwọn alákòóso oko pè wá jọ ní Mọ́ńdè. Wọ́n bi Màmúdù pé, "Ta ló ní kí o kúrò lẹ́nu iṣẹ́?" Ó wò mí. Mo ti rò ó pé bó bá dárúkọ mi, màá ní irọ́ ló ń pa, mo ti ní gbólóhùn náà lẹ́nu. Ó gbójú kúrò lára mi, ó ní, "Èmi ni mo dá ara mi lọ, sà." Nígbà tí a jáde, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ọ̀gá, oore lẹ ṣe mí. Mi ò lè tìtorí oore bà yín lórúkọ jẹ́." Háà! Bí ilẹ̀ bá lanu, ǹ bá wọlé. Wọ́n ní ó gbàbọ̀dè, pé òun ló ta igi náà fún àwọn olè, wọ́n sì lé e. Àwọn ọ̀gá dé ní Túsìdeè, igi kan ṣoṣo ni wọ́n bá. Wọ́n mú Igi Kẹrin, wọ́n sì mú èmi sípò olórí.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Tíìkì kì í kú bọ̀rọ̀. Bí a bá gé e, tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, kùkùté rẹ̀ á tún sọ. Bámiṣayọ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Ó sáré láti orí òkè títí dé ọ́fíìsì, ó ń pariwo pé, "Ó ti sọ! Sà, ó ti sọ!" Ọ̀mùnú mẹ́ta tútù yọ̀yọ̀. Ó ní bí a bá dúró kí wọ́n gbó díẹ̀, a lè gé wọn gbìn, àti pé kì í ṣe ọmọ igi náà la máa ní, igi náà gan-an ni. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Màmúdù gbọ́. Ọkùnrin tí wọ́n ti lé níṣẹ́ ru ẹ̀gún lórí láti ilé rẹ̀ wá, ó sì fi ṣe ọgbà yí kùkùté náà ká kí màlúù má bàa tẹ̀ ẹ́. Ó ní ohun tí òun fi àìṣọ́ra bà jẹ́, kí òun lè bá wọn tọ́jú èyí tó kù. Mo gbá Bámiṣayọ̀ léjìká lọ́jọ́ náà, mo ní, "Alhamdulillahi." Ọjọ́ Sọ́ńdè, tí ẹnikẹ́ni kò sí lẹ́nu iṣẹ́, mo bu dísẹ̀lì nínú kẹ́ẹ̀gì epo jẹnẹrétọ̀, mo gun orí òkè lọ. Mo kó ẹ̀gún Màmúdù kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ṣẹ́ ọ̀mùnú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo fi irin lu ihò sí kùkùté náà káàkiri, mo da dísẹ̀lì sí i títí kò fi gbà mọ́. Mo ń sọ fún ara mi pé igi lásán ni. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo kà sí èyí tó burú jù. Èyí tó burú jù ni pé mo tún fara balẹ̀ to ẹ̀gún náà padà, bí Màmúdù ti tò ó gẹ́lẹ́, kí ó lè dà bíi pé ẹnikẹ́ni kò débẹ̀.

Ẹ̀gún yẹn ló dá Màmúdù lẹ́jọ́. Nígbà tí kùkùté kú, tí òórùn dísẹ̀lì sì ń rùn níbẹ̀, gbogbo èèyàn ní ta ló tún lè wọ inú ọgbà ẹ̀gún láìtú u, bí kì í bá ṣe ẹni tó tò ó? Wọ́n ní ìbínú pé wọ́n lé e níṣẹ́ ló mú kó ṣe é. Bámiṣayọ̀ pàápàá gbà á gbọ́. Ó dúró níwájú ilé ọkùnrin náà, ó ní, "Baba, kí ni igi náà fi ṣe yín?" Kí ọdún tó parí, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà, Màmúdù Apagi ni gbogbo Kwali ń pè é. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbọ́ ọ nílé ìwé, àwọn àna rẹ̀ ń gbọ́ ọ lọ́jà. Èmi ń gbọ́ ọ, mo sì ń jẹun, mo ń sùn. Ó ku àpò èso kan tí Bámiṣayọ̀ ti ká lára Igi Kẹsàn-án kí a tó gé e. Mo pe Ràṣídátù, obìnrin tó ń bomi rin ọmọ igi fún wa, mo ní kó gbá a dànù, kó sì jó o. Ó ní, "Ó dáa, sà." Mo gbà pé ó parí.

Ẹ wá wo bí mo ṣe jadùn ìkà mi. Mo jókòó sórí àga náà. Àmọ́ àwọn ọmọ Igi Kẹrin tí a gbìn fún ìdánwò, wọ́n kọ̀, wọn ò dàgbà! Kúkúrú, wọ́n wọ́, ọ̀pọ̀ pín sí méjì. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí omi àlùwàlá? Bí àlejò bá fẹ́ wá, èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá pátápátá, ìgbẹ́ adìẹ ni màá máa rù lọ sí ìdí wọn láàárọ̀ kùtù, kí ewé wọn lè dú. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ẹ̀rín máa ń pa mí, ojú sì máa ń tì mí. Mo fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá tayọ̀tayọ̀. Kò pẹ́, wọ́n kéde pé wọ́n máa pín ọmọ Igi Kẹrin fún àwọn àgbẹ̀ Kwali, wọ́n sì ní kí n padà wá bá àwọn kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ ẹ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni Màmúdù wá sí ilé mi. Ó ti hewú. Ó gbé iṣu mẹ́rin dání, ó dọ̀bálẹ̀. Mo ní kó dìde, kò dìde. Ó ní, "Ọ̀gá, éékà méjì ni ilẹ̀ mi. Òun nìkan ló kù tí mo lè fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Mo fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ gbin ọmọ Igi Kẹrin, torí ẹ̀yin lẹ yàn án, mo sì mọ̀ yín. Mo ti ń gbẹ́ ihò." Mo bi í pé kí ló wá dé tó fi ń dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ ìyàwó mi ni kí ẹ kọ. Bí wọ́n bá rí Màmúdù lórí ìwé, wọn ò ní fún wa." Mo kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀. Ọwọ́ mi yìí ló kọ ọ́! Mo sì jẹ iṣu náà. Ọkùnrin tí mo gba iṣẹ́ rẹ̀, tí mo gba orúkọ rẹ̀, mo tún fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò fẹ́! Ọjọ́ kẹrin òní ni mo lọ kí ọmọbìnrin mi Habeebah ní Jahi, nínú àwọn ilé tuntun tí wọ́n kọ́ síbẹ̀. Mo ń rìn lọ lẹ́bàá fẹ́ǹsì nígbà tí mo gbójú sókè. Tíìkì ló tò lọ lẹ́yìn fẹ́ǹsì náà, lórí ilẹ̀ tí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti òkúta kún. Ní apá ọ̀tún, méjìlá wà níbẹ̀ tí wọ́n gún, tí wọn kò ní oríkèé, wọ́n ti ga ju pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Ní apá òsì, òmíràn tò, kúkúrú, tó wọ́ bíi ti oko ìdánwò wa. Mo fa tépù yọ lápò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n. Mo ń wọ̀n, mo ń pariwo! Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì sáré wá. "Oga, wetin you dey find for this tree?" Habeebah náà jáde, ó ní, "Daddy, people are looking, ẹ jọ̀ọ́ now!" Mo ń wọ̀n lọ. Obìnrin kan tó ń ta òdòdó lẹ́bàá ọ̀nà ló wá pè mí. "Alhaji, ṣé ẹ ò dá mi mọ̀ ni? Ràṣídátù ni mí, tó ń bomi rin igi ní Kwali." Mo bi í pé níbo ló ti rí igi wọ̀nyí. Ojú tì í. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Àpò tí ẹ ní kí n jó nígbà yẹn, ọwọ́ mi ò gbà á. Èso tó dára bẹ́ẹ̀! Nígbà tí mo kúrò ní Kwali, èmi ni mo ń ṣọ́ ilẹ̀ yìí kí wọ́n tó kọ́lé sí i, ni mo bá gbìn ín. Kò tó, mo fi èso Igi Kẹrin parí ìlà náà."

Ṣé ó yé yín? Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà, ọdún kan náà, àwọn ọmọ ìyá méjèèjì fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn! Ìdánwò tó yẹ kí n fi òtítọ́ ṣe, obìnrin tí kò kàwé ti bá mi ṣe é láìmọ̀, láìbu ìgbẹ́ adìẹ sí i. Igi Kẹsàn-án kò parun! Ó bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti ń so. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo ń ṣa èso kún fìlà mi, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín. N kò láyọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Ibẹ̀ náà ló sì ti yé mi pé ayọ̀ yìí kò lè jẹ́ tèmi bí n kò bá lọ sí Kwali.

Mo bá Màmúdù nínú oko rẹ̀. Ihò ẹgbẹ̀rin ló yẹ kó gbẹ́, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Mo dúró, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò fo nǹkan kan. Ó fi ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ̀gún mi ńkọ́?" Mo ní èmi ni mo tò ó padà. Ó jókòó sẹ́nu ihò kan. Nígbà tó yá ó ní, "Mo rò pé èmi ni mo da àmánà oko tí wọ́n fi síkàáwọ́ mi. Ọdún mẹ́sàn-án, kò sí Jímọ̀ tí mo lọ tí n kò bẹ Ọlọ́run pé kó dárí ìlọ tọjọ́ náà jì mí." Ó wò mí. "Kí ni mo ń bẹ̀ ẹ́ fún?" Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀, mo ní kó dárí jì mí. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní kí n dìde kí n máa lọ. Mo ti rìn jìnnà díẹ̀ kó tó pè mí. "Ọ̀gá! Ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun, ẹ máa sọ ọ́ níwájú gbogbo Kwali. Kí àwọn ọmọ mi gbọ́ ọ."

Láti oko rẹ̀ ni mo ti lọ tààrà sí ọ́fíìsì, mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Wọ́n ti dá pípín ọmọ igi náà dúró. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ fi mí ṣe, kí wọ́n ṣe é. Mo pe Bámiṣayọ̀ lórí fóònù, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó wá béèrè pé, "Mélòó ló wà ní Jahi?" Mo ní méjìlá. Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Sà, mi ò tíì fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ fi àdírẹ́sì yẹn ránṣẹ́ sí mi báyìí-báyìí." Ẹ ò rí i pé ìdùnnú ni? Ọmọ náà ṣì lójú iná!

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa tí ẹ wà ní báǹkì, tí ẹ wà ní ọ́fíìsì káàkiri ìlú yìí, ọjọ́ tí ọmọdé bá bi yín ní ìbéèrè tó tọ́, ẹ má fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ ní, "Mo ṣàṣìṣe," kí ẹ sì lọ jẹ oúnjẹ yín. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi tí n kò lè sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ wo iye èèyàn tí mo fi rọ́pò ọ̀rọ̀ méjì.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ wá bá mi dúró ní Kwali lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹsẹ̀ mi nìkan kò ní gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín, mo sì mọ̀ yín dáadáa. Bí mo bá sọ̀rọ̀ tán, ẹ máa fẹ́ dọ̀bálẹ̀ níwájú Màmúdù. Ẹ máa ní kó fi ti Ọlọ́run ṣe, ẹ máa ní èèyàn kì í ràn mọ́ nǹkan, ẹ máa ká a mọ́ títí yóò fi sọ pé òun ti dárí jì mí, kí gbogbo wa lè padà sílé kí ọjọ́ tó lọ. Ẹ má ṣe é. Ọdún mẹ́sàn-án ni ọkùnrin yìí kò fi rí ẹlòmíràn tí yóò bínú sí ju ara rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kó bínú.